Ṣé Amẹ́ríkà mọ̀ kí bọ́ǹbù tó bú ní Nairobi àti Dar es Salaam?

Òǹkàwé kan fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé kí bọ́ǹbù tó bú ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà lọ́dún 1998, àwọn Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ohun tí àwọn tó ṣe é ń sọ lórí fóònù, wọ́n ti tú ilé ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan tiẹ̀ ti wọ ẹ́ḿbásì náà lọ sọ fún wọn pé nǹkan báyìí ń bọ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ni? Báwo sì ni ará Saudi, ará Íjíbítì, ará Comoros, ará Zanzibar àti ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ṣe lè para pọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí ìjọba kankan kò rí wọn mú?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí olùkọ́ yín sọ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn yín, bó ṣe yé mi, ni pé bí èèyàn bá mọ̀ tó báyìí tí ẹ̀mí sì tún ṣòfò tó báyìí, á jẹ́ pé ìkà ni, tàbí kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò wúlò fún nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ẹjọ́ àti ìwé ìwádìí lórí irú ìkọlù báyìí, ohun tí mo sì rí nínú ti Nairobi àti Dar es Salaam kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìmọ̀ wà, ó tiẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà, ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ̀mí àwọn èèyàn tó ń kọjá lójú títì ní Nairobi kò sì sí lára iṣẹ́ tí a yàn fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní tààrà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1998, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gba ẹ̀yìn ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Nairobi wọlé. Mohamed al-Owhali, ọmọ Saudi tí wọ́n bí sí Liverpool, bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè fi dandan mú ẹ̀ṣọ́ ṣí ọ̀pá ìdènà. Ẹ̀ṣọ́ náà, ọmọ Kẹ́ńyà, kọ̀ jálẹ̀. Al-Owhali ju àdó kékeré kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ọṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì fẹsẹ̀ fẹ ẹ. Ariwo yẹn ló mú kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé tó yí ibẹ̀ ká sáré sídìí fèrèsé láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù gan-an wá bú, dígí fèrèsé fọ́ lu ojú wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì fọ́jú. Ilé Ufundi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ḿbásì wó lulẹ̀ pátápátá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ mìíràn bú ní Dar es Salaam. Èèyàn 213 kú ní Nairobi, 11 kú ní Dar es Salaam, àwọn tó fara pa lé ní 4,000. Ọmọ Amẹ́ríkà 12 péré ló wà nínú àwọn tó kú. Mo ń tẹnu mọ́ iye yìí nítorí pé wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àárín Amẹ́ríkà àti Osama bin Laden, olórí ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí al-Qaeda tó ṣe ìkọlù náà, nìkan ni, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará Kẹ́ńyà tó ń lọ síbi iṣẹ́ wọn, tó wà nínú bọ́ọ̀sì, tó wà ní kíláàsì, ni ìyà náà jẹ jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè yín kejì, torí òun ló máa la ọ̀nà fún ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó ń ṣiṣẹ́ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ní láti máa fi òru gba inú igbó kọjá ẹnubodè. Pápákọ̀ òfurufú ni àwọn wọ̀nyí ń gbà. Wọ́n gbalé, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n sì forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti nǹkan bí ọdún 1991 títí di 1996, Sudan ni Osama bin Laden fi ṣe ibùjókòó. Nígbà tí sójà Amẹ́ríkà wọ Sòmálíà, ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun ní ọ̀nà dé ibẹ̀, ọ̀nà tó sì rọrùn jù ni Kẹ́ńyà, níbi tí ọkọ̀ òfurufú, báǹkì àti fóònù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ìparí 1993, ó rán Ali Mohamed lọ wo àwọn ibi tí wọ́n lè kọlù ní Nairobi. Ọmọ Íjíbítì ni Ali Mohamed. Ó ti ṣe ọ̀gá sójà nílé, ó tún wọ iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà, ó di sájẹ́ǹtì níbẹ̀. Nígbà tó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ ní New York ní ọdún 2000, ó ní òun ya fọ́tò ẹ́ḿbásì náà, òun ya àwòrán bí ilé náà ṣe rí, òun sì kọ ìròyìn lé e. Ó ní bin Laden wo fọ́tò yẹn ní Khartoum, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọlé. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ó ju ọdún mẹ́rin lọ kí bọ́ǹbù tó bú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń fi èèyàn kọ̀ọ̀kan síbi kọ̀ọ̀kan. Mohammed Odeh dé Mombasa ní 1994. Ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi fún un, ó ń fi í ṣòwò ẹja, ó sì gbé ọmọbìnrin ìlú níyàwó. Wadih el-Hage, ọmọ Lẹ́bánónì tó kàwé ní Louisiana tó sì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ti ṣe akọ̀wé fún bin Laden ní Khartoum kó tó kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Nairobi. Òwò òkúta iyebíye ló ń ṣe, ó sì tún dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Help Africa People. Fazul Abdullah Mohammed wá láti erékùṣù Comoros. Kò sí ibi tó dé ní etíkun Swahili tí ẹnikẹ́ni máa wò ó bí àlejò. Khalfan Khamis Mohamed jẹ́ ọmọ Zanzibar. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Khalid al-Fawwaz ṣí ọ́fíìsì tó ń gbé ìwé àtakò jáde nípa ìjọba Saudi. Ilé kan wà ní Yemen tí fóònù rẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ń fi iṣẹ́ sí fún ara wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Fóònù sátẹ́láìtì tí bin Laden fúnra rẹ̀ ń lò lẹ́yìn tó kó lọ sí Afghanistan, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á.

Ẹ wá dúró sí ipò ìjọba kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá Mombasa rí apẹja. Àwọn tó ń fún àjọ aláàánú níwèé ní Nairobi rí bàbá onílé kan tó fẹ́ ran Áfíríkà lọ́wọ́. Lọ́ńdọ̀nù rí ọkùnrin kan tó ń bá ọba ilẹ̀ rẹ̀ jà pẹ̀lú ìwé, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ wọn. Amẹ́ríkà rí ọmọ ìlú tirẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rí ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kẹ́ńyà kò tiẹ̀ ní òfin kan tó dá lórí ìgbésùnmọ̀mí nígbà yẹn. Ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣe é. Tànsáníà ṣe tirẹ̀ ní 2002. Ibi tí ìwà ọ̀daràn náà wà ni àárín àwọn ege wọ̀nyí, lórí okùn tó so ọ̀kan mọ́ èkejì, okùn náà ni ìjọba kankan kò sì ní àṣẹ láti dì mú dé òpin rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ìwà ìkọ̀kọ̀ àrà ọ̀tọ̀ ló gbà wọ́n. Ìgbé ayé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń gbé, wọ́n kàn pín in ká orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni.

Ó wá ku ìbéèrè tó le: àwọn tó dì í mú díẹ̀ ńkọ́? CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1996 tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bin Laden nìkan lọ. Láti ọdún yẹn náà ni wọ́n ti ń gbọ́ fóònù ilé el-Hage ní Nairobi. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1997, ó ku nǹkan bí ọdún kan kí bọ́ǹbù bú, FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àti ọlọ́pàá Kẹ́ńyà wọ ilé rẹ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Wọ́n bá lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tí Fazul kọ. Ẹ̀rù ń ba Fazul nínú lẹ́tà náà: ọ̀kan nínú àwọn tó ń mójú tó owó bin Laden ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Saudi, Fazul sì ń sọ pé àwọn tó wà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà wà nínú ewu. Ó pe ara wọn ní ẹ̀ka bin Laden láìfi bò. Ohun tí olùkọ́ yín sọ nìyí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Kí ni wọ́n wá fi lẹ́tà yìí ṣe? Wọ́n fi lé el-Hage kúrò ní Kẹ́ńyà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti wà níwájú ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń gbọ́ ẹ̀rí kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan èèyàn ní New York, ó ń purọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ó lọ jókòó jẹ́jẹ́ ní Texas. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń kó ẹ̀rí jọ láti fẹ̀sùn kan bin Laden, wọ́n sì rí i ṣe: oṣù kẹfà ọdún 1998 ni wọ́n fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lójú ẹni tó ń kó ẹjọ́ jọ, iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa. Lójú àwọn CIA, wọ́n ti tú ẹ̀ka Nairobi ká. Èrò tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ni pé ẹ̀ka tó ń pèsè nǹkan ni ẹ̀ka yẹn, tó ń wá ìwé ìrìnnà, tó ń gba owó, tó ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí Sòmálíà. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti lọ, kí ló kù? Fazul tó kọ lẹ́tà ló kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ó gba ilé ńlá kan tó ní ọgbà ní Runda, àdúgbò àwọn olówó ní Nairobi. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti to bọ́ǹbù náà. Bí ẹ bá bi mí pé ibo gan-an ni iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni màá fi hàn yín. Wọ́n ka lẹ́tà náà láti mọ bin Laden, wọn kò kà á láti mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó wọ ẹ́ḿbásì lọ wá kàn. Oṣù kọkànlá ọdún 1997 ni. Ọmọ Íjíbítì ni, ó sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà pé àwọn kan fẹ́ gbé ọkọ̀ bọ́ǹbù wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé ẹ́ḿbásì, pé wọ́n á kọ́kọ́ ju àdó aláriwo, àti pé òun wà lára àwọn tó ya fọ́tò ibẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo ṣàpèjúwe lókè, ara yín á bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹ̀yin ti mọ bó ṣe parí. Ẹ́ḿbásì ńlá kì í ṣàìrí àwọn tó ń wá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí: ẹni tó ń wá físà, ẹni tó ń wá owó, ẹni tó ń bá ẹlòmíràn ṣọ̀tá, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. CIA rí i pé ọkùnrin yìí ti gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ́ḿbásì àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣáájú. Wọ́n kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí Washington, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ọn pé ó lè jẹ́ irọ́. Kẹ́ńyà lé e kúrò nílùú. Ẹ́ḿbásì mú ìṣọ́ le fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan sì padà sí bó ṣe wà. Mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ṣiyèméjì. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣiyèméjì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà àti ìkìlọ̀ yìí, ìlú kan náà ni. Bí mo ṣe rí i, ẹni tó yẹ kó to méjèèjì sórí tábìlì kan kó sì béèrè pé, "Bí ọkùnrin yìí kò bá parọ́ ńkọ́, ta ló ṣẹ́ kù ní Nairobi tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí?" kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan kọ̀ láti ṣe é. Kò sí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìyẹn ni.

Apá kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà, òun gan-an ló ṣe mí láàánú jù. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa àwọn Amẹ́ríkà ní Beirut ní 1983, ìgbìmọ̀ kan tí Bobby Inman darí sọ ní 1985 pé ó yẹ kí ẹ́ḿbásì jìnnà sí títì tó 100 ẹsẹ̀, nǹkan bí mítà 30. Ti Nairobi wà ní ìkóríta ojú ọ̀nà méjì tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, Moi Avenue àti Haile Selassie Avenue; kò sí àyè kankan láàárín ògiri rẹ̀ àti èrò. Prudence Bushnell tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀ rí i, ó kọ̀wé sí Washington léraléra, ó sì kọ̀wé tààrà sí Madeleine Albright tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ní 1998. Ọ̀gágun Anthony Zinni tó ń darí àwọn sójà Amẹ́ríkà ní agbègbè náà wo ilé yẹn, òun náà sọ pé ó léwu. Èsì tí Bushnell gbà ni pé kò sí owó, àti pé àwọn ìlú mìíràn ló wà níwájú. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ìlú tó yẹ kó wà níwájú? Wọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ewu, Nairobi sì bọ́ sí àárín. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ló sì wúwo jù lórí ìwọ̀n náà. Ìlú tí wọn kò tíì kọlù ni wọ́n ń kà sí ìlú tí kò léwu, títí di ọjọ́ tí wọ́n kọlù ú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ọ̀gágun ojú omi William Crowe darí gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní 1999. Wọ́n ní àwọn kò rí ìkìlọ̀ kan pàtó tó sọ ọjọ́ tàbí ibi ṣáájú ìkọlù náà, àti pé àwọn kò rí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun ló jẹ̀bi. Àmọ́ wọ́n kò fi bò pé àwọn ìjọba Amẹ́ríkà tó tẹ̀ léra, pẹ̀lú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, jọ kùnà láti náwó sórí ààbò. Wọ́n dá a lábàá pé kí wọ́n máa ná nǹkan bí $1.4 bílíọ̀nù lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá. Mo gbà pẹ̀lú àbọ̀ náà nínú ohun tó sọ. Ibi tí mo ti rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó ni pé "gbogbo wa la jẹ̀bi" rọrùn láti kọ sínú ìwé, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹni tó fọwọ́ sí "kò sí owó" lọ sílé láìdáhùn ìbéèrè kan.

Ní báyìí tí ẹ ti rí gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sórí "mọ̀-ọ́n-mọ̀." Ohun tí kò jẹ́ kí n gba ìyẹn gbọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n mú al-Owhali ní Nairobi láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú ọgbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì jinná. Ó fún FBI ní nọ́ńbà fóònù ilé Yemen tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó pè láti béèrè owó lẹ́yìn ìkọlù. Ilé yẹn ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà ti gbọ́ pé àwọn kan ń lọ ṣèpàdé ní Kuala Lumpur ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000. Wọ́n tẹ̀ lé wọn débẹ̀, wọ́n mọ orúkọ Khalid al-Mihdhar, àna onílé Yemen náà, CIA sì mọ̀ pé ó ní físà Amẹ́ríkà. Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé, àfi ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ní oṣù kìn-ín-ní 2000 yẹn gan-an, òun àti Nawaf al-Hazmi ti wọ Los Angeles. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án 2001, àwọn méjèèjì wà nínú ọkọ̀ òfurufú tó já lu Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ojú fo ti Nairobi nítorí pé ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú kò jọ wọ́n lójú, kí la fẹ́ sọ nípa èyí? Àṣìṣe kan náà, fóònù kan náà, lórí ilẹ̀ àwọn fúnra wọn. Michael Scheuer tó darí ẹ̀ka bin Laden ní CIA ti sọ ọ́ ní gbangba pé NSA, àjọ tó ń gbọ́ fóònù, kò gbà láti fún àwọn ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́. Àjọ méjì, ìjọba kan!

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé òmùgọ̀ ni àwọn òfin tó pín wọn. Bí ẹ̀rí tó wà níwájú ìgbìmọ̀ aráàlú bá ń jáde síta, orúkọ aláìṣẹ̀ lè bàjẹ́ láìtíì dé kóòtù. Bí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ń pín ohun tó gbọ́ fún gbogbo èèyàn, ọ̀tá á mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun, á sì pa fóònù rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tó máa fẹ́ kí ọlọ́pàá ilẹ̀ òkèèrè máa wọlé kiri nílé rẹ̀. Ìdí tó dáa wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àdánù ni pé nígbà tí wọ́n ti gbogbo wọn pọ̀, Fazul nìkan ló ń rìn fàlàlà.

Ṣé wọ́n lè dá a dúró? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ohun tí mo lè sọ nìyí. Wọ́n lè mú Fazul ní 1997, àmọ́ ẹ̀sùn wo ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn? Lẹ́tà kan nípa ìbẹ̀rù kì í ṣe bọ́ǹbù. Ohun tí Kẹ́ńyà lè ṣe kò ju kí wọ́n lé e lọ nítorí ìwé ìgbélùú, kó sì gba ọ̀nà mìíràn padà. Wọ́n lè fi el-Hage sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, dípò kí wọ́n lé e. Ìyẹn ló máa ń mú ìròyìn wá jù, òun náà ló sì léwu jù, torí bí ẹni tí ò ń ṣọ́ bá bọ́ mọ́ ọ lójú lọ́jọ́ kan péré, ìwọ lo máa dáhùn fún ohun tó bá ṣe lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè gbé ẹ́ḿbásì kúrò láàárín ìlú. Ìyẹn ló dájú jù fún àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, ì bá sì ti dín òkú ojú títì kù gan-an, àmọ́ ẹgbẹ́ náà ti wo àwọn ibòmíràn ní Nairobi láti 1993, wọ́n lè yí síbẹ̀. Ní tèmi, èyí tó rọrùn jù tó sì mọ́gbọ́n wá jù ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù: lẹ́yìn tí wọ́n tú ilé el-Hage, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí lẹ́tà àti fóònù yẹn dárúkọ, kí wọ́n fún Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Comoros, kí wọ́n sì máa béèrè lóṣooṣù pé ibo ni ẹni yìí wà. Orúkọ Fazul nìkan, ní ẹnubodè Kẹ́ńyà, ní ìgbà tó padà wọlé, ì bá tó. Mo sọ "ì bá" nítorí ó ń lo ju ìwé ìrìnnà kan lọ, àti nítorí pé ìrọ̀rùn ni fún èmi tí mo mọ orúkọ tó yẹ kí n wò láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn àjọ wọ̀nyẹn ṣì wà ní títì pa. Bí wọ́n bá ṣí wọn, apá kan ìdájọ́ mi lè yí padà.

Wọ́n ṣẹjọ́ àwọn kan lóòótọ́. Al-Owhali, Odeh, el-Hage àti Khalfan gba ẹ̀wọ̀n gbére ní New York ní 2001. Al-Fawwaz tí wọ́n mú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1998 kò dé Amẹ́ríkà títí di 2012, torí ẹjọ́ bóyá kí wọ́n fà á lé wọn lọ́wọ́ gba ọdún mẹ́rìnlá. Fazul ní tirẹ̀ tún wà nídìí ìkọlù hótẹ́ẹ̀lì ní Kikambala lẹ́bàá Mombasa ní 2002, níbi tí èèyàn 13 kú. Ọdún 2011 ni wọ́n tó pa á ní Mogadishu. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣèèṣì dé ibi tí sójà Sòmálíà ti ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n jọ yìnbọn síra wọn, àwọn sójà náà kò sì mọ ẹni tí wọ́n pa títí wọ́n fi wo ẹrù tó gbé.

Ẹ lè béèrè pé ṣé nǹkan ti dáa báyìí, níwọ̀n bí òfin ti wà ní Kẹ́ńyà tí àwọn àjọ sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ti pínpín ìròyìn. Àmọ́ ẹ wo Garissa, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 2015, nígbà tí al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí láti Sòmálíà, wọ yunifásítì tó wà nílùú yẹn ní Kẹ́ńyà tí wọ́n sì pa èèyàn 148. Lọ́tẹ̀ yìí, ìkìlọ̀ ti jáde ní gbangba pé wọ́n lè kọlù yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ti gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tó nǹkan, ikọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ fún irú ogun bẹ́ẹ̀ sì wà ní Nairobi. Ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá kí wọ́n tó dé. Ìyẹn ni ohun tí màá fẹ́ kí ẹ bá olùkọ́ yín jíròrò nígbà tí ẹ bá padà sí kíláàsì: ní 1998, ìròyìn kò dé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó lè lò ó, ní 2015, ó dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìbọn àti ọkọ̀ jìnnà sí ibi tí ewu wà.